Omi Tí Ìyá Ọkọ Mi Fi Fọ Tàdáwà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi fìdí lé àga díẹ̀, mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò. Ó ti ṣe díẹ̀ tí mo ti ń gbìyànjú láti gbé e mì, kò lọ. Bí n kò bá sọ ọ́ fún ẹnì kan, àfàìmọ̀ kó má dá àìsàn sí mi lára!

Turffontein là ń gbé ní Johannesburg níbí, èmi, ọkọ mi Sàkírù, àti ọmọbìnrin wa Ràṣídà. Ilé tá a háyà ni, kò tóbi, ṣùgbọ́n ó tù wá lára. Sis Lindiwe là ń pe obìnrin tó ni ín. Ọmọ ilẹ̀ yìí ni, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo. Nígbà tó fẹ́ gbà wá sílé, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sọ fún un pé kó má fi ilé fún àjèjì, pé á kábàámọ̀. Ó bá wọn jà, ó sì gbà wá. Ohun kan ṣoṣo ló tẹnu mọ́ fún mi: ilẹ̀ pálọ̀. Pákó ìgbàlódé tí wọ́n ń pè ní láminéètì ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀, ó ń dán gbinrin. Ó ní kí n bá òun tọ́jú rẹ̀.

Ṣé ẹ mọ bí ilé ṣe ṣòro rí tó fún irú wa níbí? Ẹ ó pe nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ògiri, wọ́n á gbọ́ bí ẹ ṣe ń sọ Òyìnbó, wọ́n á ní ilé ti lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kẹ́ ilẹ̀ yẹn. Bàtà ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Ọkọ mi a tiẹ̀ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, á ní ilẹ̀ pálọ̀ ni ìyáálé mi.

Ìgbà tí ìyá ọkọ mi wá kí wa láti Ìwó ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má rò pé mo fẹ́ wá ro ẹjọ́ ìyá ọkọ fún yín o! Màámi kì í ṣe irú ìyẹn rárá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ni n kò ti fọwọ́ kan ìgbálẹ̀. Kí n tó jí, wọ́n ti gbálẹ̀, wọ́n ti gbé omi kaná. Bí mo bá ti Yeoville dé, níbi tí mo ti ń ránṣọ, oúnjẹ ti wà nílẹ̀. Ta ló máa rí irú ìyá bẹ́ẹ̀ tí kò ní dúpẹ́?

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn wọ́n. Ràṣídà ń kọ́ kéú lórí fóònù. Màámi ní kéú orí fóònù kì í wọ ọmọ lára. Àáfà ni bàbá tiwọn, wàláà ni wọ́n sì fi kọ́ gbogbo ọmọ ilé wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ ilé kéú nílé, ẹ mọ wàláà, pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi tàdáwà kọ kéú sí. Bí ọmọ bá ti mọ èyí tó wà lórí rẹ̀, wọ́n á fi omi fọ̀ ọ́ kúrò, wọ́n á kọ òmíràn. Ẹ gbọ́ o, wàláà tí wọ́n fi kọ́ Màámi ní kékeré ni wọ́n dì sínú báàgì láti Ìwó dé Johannesburg! Ẹlòmíràn á gbé ògì àti irú wá.

Tàdáwà, ìyẹn inki rẹ̀, ńkọ́? Wọ́n sun ìrẹsì nínú páànù mi títí ó fi di èédú, wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n fi omi àti gọ́ọ̀mù pò ó. Èéfín gba gbogbo ilé. Mo ṣí fèrèsé, mo ń rẹ́rìn-ín. Ó wú mi lórí, kí n má parọ́. Ràṣídà tí kì í fẹ́ gbé ojú kúrò lára fóònù jókòó ti ìyá rẹ̀ àgbà, ó ń ka bá, ó ń ka tá.

Lọ́jọ́ Sunday kan, ọmọ náà fẹ́ na ọwọ́ mú kálàmù tí wọ́n fi ń kọ ọ́, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ gbá kọ́ọ̀bù tàdáwà. Ó dà! Ó ṣàn lórí tábìlì tí Sis Lindiwe fi sílẹ̀ sínú ilé fún wa, ó sì kán sórí láminéètì, ó wọ ojú ibi tí pákó kan ti so mọ́ èkejì. Ràṣídà ń sọ pé, "Sorry, Mummy, sorry," Màámi ní kì í ṣe ẹjọ́ ọmọ, pé àwọn làwọn gbé kọ́ọ̀bù sí etí ibẹ̀.

Èmi ò tilẹ̀ gbọ́ èyíkéyìí nínú rẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni Sis Lindiwe máa wá wo ilé, ká lè jọ fọwọ́ sí ìwé ilé fún ọdún tuntun.

Mo fi tíṣù fa èyí tó ṣeé fà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn èèyàn. Ẹnì kan ní kí n fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á. Ẹnì kan ní mílíìkì. Òmíràn ní bílíìṣì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gba fóònù, ó ní bí mo bá dán bílíìṣì wò, mo ti ba ilẹ̀ náà jẹ́ pátápátá. Ìyá Tọ́pẹ́, tá a jọ ń ránṣọ, ló ní kí n fi pẹ́sítì ìfọyín ra tábìlì. Mo fi ra á. Àmì dúdú lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó kó dídán tábìlì náà lọ, ojú ibẹ̀ wá funfun báláwú. Mo fi aṣọ bò ó.

Ti ilẹ̀, sípírítì ni mo fi òwú tẹ̀ sí i. Orí rẹ̀ mọ́ díẹ̀. Èyí tó ti wọ ojú ìsopọ̀ kò mira, ó dúdú síbẹ̀ bí ìlà tí wọ́n fi tìróò fà. Mo fi òwú ra á títí ìka mi fi bó, ńṣe ló ń wò mí.

Láàárọ̀ Monday mo ní láti lọ síbi iṣẹ́, oníbàárà ń dúró. Mo sọ fún Màámi pé kí wọ́n fi sílẹ̀, bí mo bá dé màá tún ibẹ̀ ṣe. Ohun tí mo sọ nìyẹn. Ṣé ó yẹ kí n sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ? N kò mọ̀. Èmi alára ò mọ ohun tí wọn kì í fi kan láminéètì. Ta ló kọ́ mi?

Nígbà tí mo dé nírọ̀lẹ́, ẹnu ọ̀nà ni Màámi ti pàdé mi, ayọ̀ hàn lójú wọn. Wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ sí pálọ̀.

"Wá wò ó, Ìyá Ràṣídà. Tàdáwà ò lè bá omi jà. Pákó ni wàláà, pákó náà ni ilẹ̀ yín."

Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́! Ó mọ́ tónítóní! Wọ́n ní àwọn fi táwẹ̀lì ká ibẹ̀ kó má bàa ṣàn, àwọn da omi sí i, àwọn jẹ́ kó rin láti àárọ̀, àwọn wá fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ wàláà. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Mo sun oorun àsùnwọra lọ́jọ́ náà.

Ilẹ̀ mọ́, mo tẹ ibẹ̀, ẹsẹ̀ mi kọ nǹkan. Etí pákó méjèèjì ti gbéra sókè. Kó tó di ọjọ́ kejì, ó ti wú bí búrẹ́dì tí wọ́n kì bọ tíì.

Mo ya fọ́tò rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta pákó ilẹ̀ láàárín ìlú. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ní láminéètì kì í ṣe ògidì pákó, pé lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Bó bá ti mu omi, kò ní padà sí bó ṣe wà. Mo bi í bóyá mo lè fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ kó lè lọ sílẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Eish, Mama." Ìyẹn ni pé kò ṣeé ṣe. Ó tún ní irú àwọ̀ pákó yẹn, wọn ò ṣe é mọ́.

Mo délé, mo gbé àpò ìrẹsì lé e. Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi àtijọ́ lé àpò ìrẹsì. Màámi ń wò mí, wọ́n ní kí n má da ara mi láàmú, pé gbogbo pákó tó bá mu omi ló ń wú, bó bá gbẹ, á padà sílẹ̀. Inú wọn ṣì ń dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu sọ ọ́? Mo pe Sàkírù ní Durban níbi tó ti lọ ra ọjà. Ó ní kí n má sọ fún ìyá òun, pé bí wọ́n bá mọ̀, wọn ò ní jẹun mọ́, wọ́n á ní ká dá àwọn padà sí Ìwó. Gbogbo ìrànlọ́wọ́ tí mo rí gbà lọ́wọ́ ọkọ nìyẹn.

Sátidé pé. Mo tẹ́ ẹní sórí ibi tó wú. Sis Lindiwe dé, Màámi kí i káàbọ̀ lédè Yorùbá láti òkè délẹ̀, wọ́n gbé tíì fún un. Ó yẹ ilé ìdáná wò, ó yẹ balùwẹ̀ wò, ó ní gbogbo rẹ̀ shap, ìyẹn ni pé ó dára. Ó jókòó, ó ti yọ báírò. Mo ti ń mí dáadáa.

Màámi rí i pé inú àlejò ń dùn. Àwọn náà fẹ́ kó rí ohun tí àwọn ṣe. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti dìde, wọ́n sì ti ká ẹní kúrò nílẹ̀! Wọ́n ń fọwọ́ júwe, wọ́n ń fi Yorùbá ṣàlàyé fún un pé tàdáwà ló dà síbẹ̀, pé àwọn làwọn fọ̀ ọ́, kó wò ó bóyá ó rí àmì kankan.

Mo na ọwọ́ sí ẹní náà, ó ti pẹ́ jù.

Sis Lindiwe bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ibẹ̀. Ó pẹ́ kó tó gbójú sókè. Ó bi mí pé ta ló da omi síbí. Ràṣídà la ẹnu, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní èmi ni.

Kì í ṣe pé mo dára ju ẹnikẹ́ni lọ o. Ṣùgbọ́n ṣé kí n nàka sí ìyá tó fi gbogbo ọjọ́ kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn ún nítorí tèmi? Níṣojú ọmọ?

Kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn. Ó ní aṣọ tí wọ́n rẹ sómi, tí wọ́n fún dáadáa, ni ǹ bá fi nù ún, á ti lọ. Ó ní kí ló dé tí n kò pe òun? Ó ní òun bá àwọn ẹ̀gbọ́n òun jà nítorí wa, kí lòun máa wá sọ fún wọn báyìí? Mo bẹ̀ ẹ́, mo bẹ̀ ẹ́. Ó mi orí. Ó ní ká wá ibòmíràn kí oṣù yìí tó parí.

Màámi ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ń wo ẹnu mi, wọ́n ń wo tiẹ̀.

"Kí ni wọ́n wí, Ìyá Ràṣídà?"

"Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́, Màámi. Wọ́n ní kò sí àmì kankan."

Ọmọ mi tó gbọ́ èdè méjèèjì wò mí, ó wolẹ̀.

Màámi bá tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún obìnrin náà. Wọ́n ní Ọlọ́run ò ní sọ ọ́ di aláìnílé láyé. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò ní lé e kúrò níbi tí ara ti tù ú. Wọ́n ní bó ṣe gba àwọn ọmọ àwọn sílé nílẹ̀ àjèjì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa gba tirẹ̀ níbikíbi. Sis Lindiwe rọra bi mí ohun tí Mama ń sọ. Mo ní wọ́n ń ṣàdúrà fún ilé yín. Ó pa ọwọ́ pọ̀, ó tẹrí ba, ó ní "Amen." Èmi náà ṣe Àmín. Omi ń dà lójú mi, Màámi rò pé ayọ̀ ni.

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Ẹ gbọ́ ẹ̀kọ́ tèmi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní láminéètì nílé: bí inki bá dà síbẹ̀, ẹ fi nǹkan gbígbẹ fà á kíá, kẹ́ ẹ fi aṣọ tí ẹ fún títí kò fi kán mọ́ nù ún, díẹ̀díẹ̀. Ẹ má da omi sí i! Ẹ sì má fi pẹ́sítì kan tábìlì onílé, ẹ dákun. Bí àgbà bá wà nílé, ẹ má sọ pé "ẹ fi sílẹ̀" nìkan. Ẹ sọ ìdí rẹ̀, bí ẹ ò bá sì mọ̀ ọ́n, ẹ kọ́kọ́ béèrè.

A ṣì ń wá ilé títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Màámi ti pe gbogbo ará Ìwó, wọ́n ti sọ fún wọn bí onílé ṣe yin àwọn. A sọ fún Màámi pé a fẹ́ lọ ilé tó tóbi jù, wọ́n sì ti ń bá wa di ẹrù, wọ́n ń fi orin sí i. Lánàá, wọ́n bi mí bóyá pákó ni ilẹ̀ ibi tí à ń lọ náà. Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, ohunkóhun tó bá dà síbẹ̀, àwọn mọ bí àwọn á ṣe fọ̀ ọ́.

Kí ni kí n dá wọn lóhùn? Ẹ̀yin tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí rí, ṣé ẹ sọ òótọ́ fún ìyá yín ni, àbí ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yọ̀ lọ? Ẹ bá mi kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mò ń kà á.