Wọ́n Ṣì Ń Fi Ẹ̀rín Cecilia Polówó

Reuben Adékọ̀yà ṣubú lójú èrò, èrò rẹ́rìn-ín, Reuben sì kú. Mi ò ní kẹ́ ẹ bú àwọn tó rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ tí wọ́n pè wọ́n wá ṣe nìyẹn, Reuben fúnra rẹ̀ ló sì kọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí púpọ̀ nínú yín ló máa ń jókòó ti tẹlifíṣọ̀n lọ́sàn-án Sọ́ńdè láti wo ètò ìdíje tí wọ́n ń pè ní "Ta Ló Mọ̀ Ọ́n", tẹ́ ẹ sì gbà pé bí nǹkan ṣe ń lọ níbẹ̀ lẹ ń rí yẹn. Rárá o. Sátidé kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ya ti odindi oṣù. Atọ́kùn ètò á wọ kóòtù búlúù, á ní, "Ẹ káàbọ̀ sí ètò ọ̀sẹ̀ yìí." Tó bá ṣe tán, á wọ yàrá lọ, á gbé kóòtù dúdú wọ̀, á jáde, á tún ní, "Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ńkọ́, ṣé ẹ gbádùn ẹ̀?" Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ọ̀hún, òógùn rẹ̀ ò tíì gbẹ lára àwọn èèyàn. Wọ́n á ní kí àwọn tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún bọ́ sọ́wọ́ òsì, kí àwọn obìnrin tú gèlè kí wọ́n wé ìborí, kẹ́ ẹ lè rò pé èrò mìíràn ni. Wọ́n á pa ẹ̀rọ amúlétutù, torí ariwo ẹ̀ máa ń wọnú makirofóònù. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn ní àgádágodo, kí ẹnikẹ́ni má baà já wọlé nígbà tí téèpù bá ń yí. Iná ńláńlá wà lókè orí. Ẹ lọ bi àwọn alábàárù Mile 12 bó ṣe ń rí nínú tírélà tòmátì tí wọ́n fi tapólì bò láti òkè Ọya. Irú ooru yẹn ni.

Ta ló wá ń mú èèyàn rẹ́rìn-ín nínú irú ooru bẹ́ẹ̀? Ṣé atọ́kùn ni? Atọ́kùn wà lẹ́yìn, wọ́n ń fi pọ́dà nu ojú ẹ̀. Reuben ni.

Iṣẹ́ tiẹ̀ ni láti mú kí ara èrò yá gágá kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Kí olùdíje kankan tó jáde rárá, gbogbo kámẹ́rà á ti kọjú sí èrò. Wọ́n á ya ẹ̀rín, wọ́n á ya àtẹ́wọ́, wọ́n á ya ìyàlẹ́nu, wọ́n á kó gbogbo ẹ̀ pamọ́. Tó bá yá, wọ́n á gé e, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́bi tó bá wù wọ́n. Ẹ̀fẹ̀ atọ́kùn tí ẹ rò pé ó pa gbogbo gbọ̀ngàn lẹ́rìn-ín yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé Reuben ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí, kí atọ́kùn tó wọ ṣòkòtò rárá.

Ìṣubú ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Á máa sọ̀rọ̀ lọ geere, á ṣàdédé dákẹ́, á wó lulẹ̀ gbì. Ẹ̀rín á ta. Á jẹ́ kó rọlẹ̀ díẹ̀, á la ojú kan, á ní, "Ṣé wọ́n ti pín mítì páì ni?" Ẹ̀rín á tún bú. Òfin kan ló sì ṣe fún wọn: kẹ́nikẹ́ni má dìde títí òun á fi nawọ́ sókè.

Mo mọ Reuben dáadáa. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà là ń lọ ní Ikosi. Èmi ni mò ń ṣètò ìpàdé àwọn oníṣòwò kéékèèké ní Ketu, ìpàdé tí Reuben ò bá sì sí níbẹ̀, ìjà ló máa ń dà. Tí NEPA bá mú iná lọ, táwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara wọn nínú òkùnkùn, Reuben á ti lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, á máa pàtẹ́wọ́. "Ẹ máa bọ̀ o, ẹ̀yin tèmi. Ibi tẹ́ ẹ bá ti ń gbọ́ ariwo wèrè yìí, ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn wà." Gbogbo wa á tẹ̀ lé àtẹ́wọ́ ẹ̀ jáde, a ó máa bú u, a ó máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń fi ẹnu ọ̀nà hàn wá, inú gbọ̀ngàn tí wọ́n tì pa ni ikú ti bá a.

Lọ́jọ́ náà, Cecilia ìyàwó ẹ̀ wà níbẹ̀. Aránṣọ ni Cecilia, kì í sábà bá a lọ. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ètò náà ló ní èrò ò pé, pé kí Reuben mú ìyàwó ẹ̀ dání, kó wá jókòó níwájú, torí ó lójú tó dára nínú kámẹ́rà. Rahmon, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ya wọ́n, ló ròyìn ẹ̀ fún mi.

"Aunty, mo kọ̀yìn sí i ni. Gbogbo wa la kọ̀yìn sí i, èrò là ń yà. Mo gbọ́ gbì, ẹ̀rín bú, mo ní lọ́kàn mi pé bọ̀ọ̀dá yìí ti ṣe é lónìí."

Cecilia náà rẹ́rìn-ín. Ó da orí sẹ́yìn, ó rẹ́rìn-ín tọkàntọkàn, bí obìnrin tó fẹ́ràn ọkọ ẹ̀ ṣe ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló rí gíláàsì ojú ọkọ ẹ̀. Reuben kì í fi gíláàsì ṣubú. Bó ti wù kí ẹ̀fẹ̀ dùn tó, á kọ́kọ́ bọ́ ọ, á fi í sápò àyà, torí ẹyọ kan ṣoṣo yẹn ló ní. Lọ́jọ́ yẹn, gíláàsì wà lójú ẹ̀, ó ti fọ́ sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀. Cecilia dìde.

"Mummy, ẹ jókòó, ẹ ń dí kámẹ́rà." Ẹni tó ń darí èrò ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Gíláàsì ẹ̀ ni. Kò bọ́ gíláàsì ẹ̀."

"Mummy, kò tíì nawọ́ sókè."

Ẹnì kan pariwo látẹ̀yìn pé, "Ìyàwó, ẹ jẹ́ ká ríran jàre." Ẹlòmíràn dá a lóhùn pé, "Fi í sílẹ̀, ó fẹ́ kí wọ́n rí aṣọ òun ni." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n fi mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀fẹ̀, wọ́n gbé e dé ẹnu ọ̀nà, kò sí kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ wà níta, ó ń ra búrẹ́dì. Reuben ò dé ọsibítù kó tó dákẹ́.

Bísínẹ́ẹ̀sì ni mo kà ní yunifásítì. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa ni pé iṣẹ́ tí kò bá lórúkọ ẹnì kan lára, kò sẹ́ni tó máa ṣe é. Nínú gbọ̀ngàn yẹn, ẹnì kan wà fún pọ́dà. Ẹnì kan wà fún kóòtù. Ẹnì kan ń sọ fún èrò ìgbà tó yẹ kó ya ẹnu. Ta ló wà fún èémí? Ta ni kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ ẹ̀? Nọ́ọ̀sì dà? Wọ́n ra iná tó ń sun èèyàn lórí, wọn ò ra àpótí oògùn.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù. Atọ́kùn gbé kóòtù tó kàn wọ̀, ó jáde, ó ní, "Ara Uncle Reuben ti ń yá, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ya àtẹ́wọ́ náà. Ètò ń bá a lọ.

A sin Reuben sí Ìpẹru, nílé bàbá ẹ̀. Kò sẹ́ni tó wá látọ̀dọ̀ wọn. Kò sí Sọ́ńdè kankan tí atọ́kùn dárúkọ ẹ̀. Àmọ́ wọn ò gbàgbé ìyàwó ẹ̀ o. Cecilia ò tíì bọ́ aṣọ dúdú nígbà tí Modinat, tí wọ́n jọ ń gbé ilé, sáré wọlé tayọ̀tayọ̀: "Mummy Fikáyọ̀, wọ́n gbé yín jáde ní tẹlifíṣọ̀n." Ìpolówó ètò ni. Ojú Cecilia kún inú tẹlifíṣọ̀n, ó da orí sẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín, ohùn kan sì ń sọ pé ẹ̀rín ò ní tán lẹ́nu yín lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Láti ìgbà náà, ojoojúmọ́ ni.

Àwọn ẹbí ọkọ rí i. Ẹ̀gbọ́n Reuben tẹ̀ ẹ́ láago láti Ìpẹru. "Ìyàwó wa, ọjọ́ wo lẹ lọ rẹ́rìn-ín báyìí?" Kí ni kí obìnrin náà sọ? Kò mọ irọ́ pa. Ó ní, "Ọjọ́ tó kú ni, sà." Láti ọjọ́ náà, wọn ò pè é mọ́.

Mo gbéra, mo lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Ogudu. Ọ̀gá Levi, tó ni ètò náà, gbà mí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fún mi lómi tútù.

Ó ní, "Aunty, ikú Reuben dùn wá gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀rín yẹn fúnra yín. Ojúlówó ni. Èèyàn ò lè dọ́gbọ́n ṣe irú ẹ̀."

Mo ní, "Ṣé ẹ mọ ohun tó ń rẹ́rìn-ín sí?"

"A mọ̀, Aunty. Àwọn òǹwòran ni ò mọ̀."

Ó ní téèpù ti kúrò lọ́wọ́ àwọn, kí n lọ sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní àwọn kàn ń gbé e jáde ni, kí n lọ bá àwọn ọlọ́ṣẹ tó ń ṣonígbọ̀wọ́ ètò. Àwọn ọlọ́ṣẹ ní ọṣẹ làwọn ń tà, kí n padà sí Ogudu. Mo padà sí Ogudu. Wọ́n ní ọ̀gá wà níbi tí wọ́n ti ń ya ètò tuntun. Mo bi wọ́n bóyá ilẹ̀kùn ibẹ̀ wà ní títì. Ẹni tó wà nídìí tábìlì rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.

Mo ti kó ọjà kúrò lójú ọ̀nà ní Ketu láìsí ìjà. Mo ti jẹ́ kí àwọn èèyàn tí kì í kí ara wọn jọ ra jẹnẹrétọ̀. Àmọ́ ẹ̀rín obìnrin kan, tí kò gùn ju kéèyàn sín lọ, mi ò rí i gbà padà. Mi ò tún mọ ilẹ̀kùn tó kù tí mi ò tíì kàn.

Ìdí tí mo fi kọ èyí síta nìyẹn. Ọ̀gá Levi, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé e jáde, àti ẹ̀yin ọlọ́ṣẹ, kí ẹnì kan nínú yín sọ pé "èmi ni," kó fọwọ́ sọ àyà. Ẹ fi ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ẹ wá nọ́ọ̀sì. Kí atọ́kùn dárúkọ Reuben Adékọ̀yà níwájú kámẹ́rà, kó sọ pé ó ti kú, kó má sì ní kẹ́nikẹ́ni pàtẹ́wọ́.

Cecilia ti ta tẹlifíṣọ̀n ẹ̀. Kò ràn án lọ́wọ́, torí ariwo ti Modinat ń gba ara ògiri wọlé, ó sì mọ ohùn ara ẹ̀. Tó bá fẹ́ sunkún, á gbọ́ tí òun ń rẹ́rìn-ín. Ẹ yọ ẹ̀rín obìnrin náà kúrò níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó sunkún ọkọ ẹ̀.