Gìtá Tó Ń Kùn ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó

Ara Herbert kì í balẹ̀. Bí ẹ bá rí i nírọ̀lẹ́ tó ń ti Igbosere bọ̀, níbi tó ti ń ṣe akọ̀wé fún lọ́yà kan, ẹ ó rò pé ẹnì kan ń lé e ni. Bó bá jókòó tì wá níwájú ilé, ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ á máa rìn lórí itan. Gìtá tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń ta yẹn. Ó ti lé ní ogójì ọdún, kò tíì gbéyàwó, àwọn baba ńlá rẹ̀ ti Sàró dé, òun nìkan sì ni onígbàgbọ́ nínú agbo ilé wa ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. A fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa ń sú wa.

Ohun tó ń wá kò ju ẹyọ kan lọ. Ó fẹ́ máa ta gìtá fún ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ẹni tó ń ta á tẹ́lẹ̀ ti kó lọ sí Kánádà, àga rẹ̀ ṣófo, Adéwálé tó jẹ́ ọ̀gá akọrin sì ti ní kí Herbert wá gbìyànjú. Ojú rẹ̀ ń dán bó ti ń sọ ọ́ fún mi. Mo bi í pé kí ló wá ń dúró dè. Ó ní gìtá òun ń kùn.

Òótọ́ ni, ó ń kùn. Gìtá oníná ni, irú èyí tí wọ́n ń tà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, tòun ti spíkà kékeré nínú páálí kan náà. Kó ṣáà ti ki wáyà bọ̀ ọ́, ó di hùùùn, bí eṣinṣin tó há sínú ìgò. A ń gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Herbert ní báwo lòun ṣe máa gbé ohun tó ń ráhùn wọ ilé Ọlọ́run.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe. Owó akọ̀wé kò tó nǹkan, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣe é, bí oṣù bá ti ń parí. Okùn ló kọ́kọ́ pààrọ̀. Ó ń kùn. Ó ra wáyà tó nípọn. Ó ń kùn. Ó wo fídíò kan lórí fóònù pé bébà onífàdákà máa ń dènà ariwo, ló bá gba Òkè Àrin lọ, ó ra èyí tí wọ́n fi ń di ẹja yan, ó tú ikùn gìtá, ó sì fi tẹ́ gbogbo inú rẹ̀. Mo bi í bóyá ó fẹ́ yan án ni. Kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ irin pẹlẹbẹ abẹ́ okùn tó ń gbé ohùn, ó fi èyí tó sàn jù rọ́pò rẹ̀, ìyẹn náà ò tu irun kan. Ní gbogbo àsìkò yìí Adéwálé ń ránṣẹ́ sí i, òun náà sì ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí i. Ó ń bí mi nínú. Ẹni tí wọ́n pè wá jẹun, ó ní ọwọ́ òun kò tíì mọ́.

Nígbà tó yá, ó gbé gìtá náà tà, ó fi owó lé e, ó sì ra tòkunbọ̀ pupa kan tó rẹwà gan-an. Lọ́sàn-án Sátidé tó gbé e dé, ó gbàdúrà kó tó ki wáyà bọ̀ ọ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀.

Hùùùn.

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, omi lé ròrò sí i lójú. Yẹ̀yẹ́ tí mo ti pèsè sílẹ̀, mi ò lè ṣe é mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé wa ṣe rí. Wáyà iná kan ṣoṣo ló wọlé wa láti ojú títì, ẹni tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé á so tirẹ̀ mọ́ ti ẹni tó bá níbẹ̀. Ti Alhaja Hàwáwù ni Herbert so tirẹ̀ mọ́. Alhaja ń ta omi tútù àti sóbò, fírísà rẹ̀ sì fara ti ògiri Herbert. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé gìtá yẹn ló ń fa iná òun jẹ tí sóbò òun kì í fi í dì. Bó ṣe gbọ́ ariwo lọ́sàn-án yẹn, ó fi ìbínú jáde.

Ó ní, "Herbert, o tún ti gbé òmíràn dé. No problem. Mo máa off fírísà mi báyìí, kí gbogbo ilé rí i pé bí tèmi bá kú, tìrẹ á ṣì máa kùn, ìwọ lò ń jẹ iná mi."

Ó wọlé, ó pa á. Kẹ́kẹ́ pa. Spíkà Herbert dákẹ́ bí ẹni tó sùn. Alhaja tó ti di aṣọ mọ́dìí fún ìjà dúró, ó ń wò wá. Ó padà lọ tan fírísà: hùùùn. Ó tún pa á: kò sí nǹkan kan. Fírísà ló ń kùn láti ọjọ́ yìí wá, gìtá kàn ń bá a sọ ọ́ síta ni. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú. Alhaja náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí Herbert yára ta á kí sóbò òun má bàa gbóná.

Herbert bẹ̀rẹ̀ orin ìsìn kan. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwa àti òun fúnra rẹ̀ máa gbọ́ ọwọ́ rẹ̀ láìsí ohun tó bò ó. Ìka rẹ̀ ń pẹ́ dé. Okùn kan ń ké, èkejì ò dún. Níbi tó yẹ kí orin náà ti yí, ó kọsẹ̀, ó padà, ó tún kọsẹ̀ níbẹ̀ gan-an. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí gìtá, ojú rẹ̀ sì ti yàtọ̀.

Ó ní, "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan fírísà yín."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì tún bí mi. Mo sọ fún un pé wọ́n máa kọ́ orin ní ṣọ́ọ̀ṣì nírọ̀lẹ́ yẹn, a ó sì jọ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó má tún dárúkọ gìtá sí mi létí mọ́. Mo fà á jáde. Mo gbé spíkà, ó gbé gìtá, ó di ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹnì kan ti wà lórí àga náà. Dáfídì lorúkọ rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ni, gìtá àtijọ́ kan tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Herbert bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún Adéwálé: okùn, wáyà, bébà ẹja, fírísà. Adéwálé gbọ́ ọ tán pẹ̀lú sùúrù.

Ó ní, "Bùrọ̀dá Herbert, ṣọ́ọ̀ṣì ní gìtá. Òun ló wà lọ́wọ́ Dáfídì yẹn. Ọwọ́ là ń wá lọ́dọ̀ yín."

Mo rò pé ó máa yí padà. Èmi ì bá yí padà. Ṣùgbọ́n ó fa àga mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ Dáfídì, ó jókòó, ó ki wáyà bọ gìtá. Kò kùn rárá. Ó bẹ̀rẹ̀ orin ọ̀sán yẹn. Ó kọsẹ̀ níbi tó ti kọsẹ̀ nílé, gbogbo akọrin gbọ́ ọ, kò sì dáwọ́ dúró, ó ta á dé òpin.

Adéwálé ní kó tún un ta.