Ilẹ̀ Ń Lọ, Wọ́n Ní Ibo Ló Ń Lọ

Àná la sin Baba Ọ̀pá. Omi òkun ló ká a mọ́ yàrá láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, níbi tó ti ń kó ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ sórí àjà. Ọ́fíìsì tó ń mójú tó etí òkun ní kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ la ṣẹ̀ṣẹ̀ sin yẹn. Wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Èyí pa ẹni tó sọ tẹ́lẹ̀.

Ọdún mọ́kànlélógún ló fi wọn irà oníyọ̀ tó wà láàárín òkun àti ilé wa. Á ri ọ̀pá mọ́ ẹrẹ̀, á ka ìṣísẹ̀ dé ibi tí koríko parí sí. Koríko yẹn ló ń gba agbára lọ́wọ́ ìgbì kó tó kàn wá. Jẹ́jẹ́ ló ń rìn. Ó máa ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ akàn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Nígbà tí wọ́n mọ ògiri kọnkéré sẹ́yìn irà náà, ó kọ̀wé sí ọ́fíìsì yẹn. Òkun ń ga sí i, irà fẹ́ sún sẹ́yìn, ògiri ò jẹ́. Wọ́n sì ti dí odò lókè, ẹrẹ̀ tuntun tí ì bá gbé irà ga kò wá mọ́. Ó ní kí wọ́n ṣí ògiri náà níbi mẹ́ta, kí omi àti koríko ráyè wọ pápá òfìfo tó wà láàárín ògiri àti ilé wa. Àṣìṣe rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ó kọ ọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀: "Ilẹ̀ ń lọ."

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, èsì dé: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣàlàyé ibi tí ilẹ̀ náà ń lọ."

Ó fèsì pé inú òkun ni. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ inú òkun kò kan ẹ̀ka àwọn, wọ́n pa fáìlì dé.

Mo lọ sí ọ́fíìsì náà láti béèrè ẹni tó pa á dé. Akọ̀wé kan fún mi ní àga.

"Ẹ má bínú, sà. Ọ̀gá yẹn ti gba ìgbéga."

"Sí ibo?"

"Ẹ̀ka inú òkun ni, sà."

Inú ń bí mi, mi ò ní purọ́. Ilé mọ́kànlá ló kù lẹ́yìn ògiri yẹn, tèmi wà níbẹ̀. Ẹ ṣí ògiri náà níbi mẹ́ta tó wí. Ẹ jẹ́ kí odò máa gbé ẹrẹ̀ bọ̀. Ẹ sì dárúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i kí wọ́n pa fáìlì náà dé.

Mo bi opó Baba Ọ̀pá léèrè ohun tó fẹ́ kí n bá òun kọ síbí. 

"Kí ọ̀gá náà wá jókòó síwájú mi," ló wí, "kó sọ fún mi bóyá ó tiẹ̀ ka ìwé tí ọkọ mi kọ."

Ọ̀gá, ọjọ́ wo lẹ ń bọ̀?