Ìkíni Orí Pápá

N kò fẹ́ràn eré náà rí, n kò ní í purọ́. Bọ́ọ̀lù wo ni wọ́n ń pe ìyẹn? Ó gùn gbọọrọ bí èso kòkó, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá, ẹni tó bá sì gbé e, àwọn géńdé á ya lù ú. Eré yìí ni àbíkẹ́yìn mi lọ ń ṣe ní Amẹ́ríkà, ní yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú nígbà tí àwọn òyìnbó kò gbà wọ́n sí tiwọn. Torí eré náà ni wọ́n fi ń kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí mo bá ń ṣàròyé, bàbá rẹ̀ á ní, "Iṣu tí o fi bọ́ ọ ló sọ ọ́ di òmìrán. Ta lo wá fẹ́ bá jà?"

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa ń gbá a, ìrọ̀lẹ́ tiwa níhìn-ín ní Ìkẹ́rẹ́. Lórí fóònù tí a fi ń wò ó, akoto bo gbogbo wọn lójú, nọ́mbà ẹ̀yìn aṣọ wọn sì kéré jù fún ojú mi. Ni mo bá pàṣẹ fún un: "Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, dọ̀bálẹ̀ kí mi, kí n lè mọ̀ ọ́." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àkọ́gbà lọmọ náà. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti jáde sórí pápá, ẹnì kan á nà gbalaja sórí koríko, èmi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: "Ọmọ olókè, ọmọ àpáta tí òjò ń pa tí kì í mì..." Nílé wa, ọmọ kì í dìde títí ìyá á fi kì í tán. Bí mo bá ti ní, "Dìde, ọmọ mi," á fò sókè bí ẹni tó gbọ́ mi.

Sáà náà burú níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n nà wọ́n, wọ́n tún nà wọ́n. Ìgbà tó yá ni wọ́n wá ń borí, títí ó fi ku eré kan ṣoṣo kí wọ́n gba ife. Bàbá rẹ̀ ń yọ̀. Kí ni n ó máa yọ̀ sí? Bí wọ́n ti ń borí ni àwọn tó ń kọlù wọ́n ń le sí i. Ife kọ́ ni mò ń wá. Mo fẹ́ kí ọmọ mi parí sáà náà pẹ̀lú gbogbo egungun tí mo bí mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ eré ìkẹyìn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tún ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Ìgbà tí àwòrán fi máa yọ, ẹnì kan ti nà gbalaja lórí koríko, ó dojú bolẹ̀.

"Ẹ ò rí i!" Mo pariwo sí bàbá rẹ̀. "Ó ti ń dúró dè mí!" Mo bọ́ sórí oríkì. Ọmọ olókè. Ọmọ àpáta tí òjò ń pa tí kì í mì. Mo kì í dé òpin, mo ní, "Dìde, ọmọ mi."

Kò dìde.

Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló dì, mo gbọn fóònù. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ń rìn níbẹ̀. Mo tún un kì, mo gbé ohùn sókè. Ìgbà náà ni mo gbọ́ pé àwọn onífèrè ilé-ẹ̀kọ́ wọn, tí kì í sinmi, ti dákẹ́. Gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kúnlẹ̀. Ọkùnrin wo ló ń kúnlẹ̀ kí èèyàn? Ọkọ mi rọra gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Màmá," ó ní, "kì í ṣe ìwọ ló ń kí."

Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà, kí Ọlọ́run má fi hàn yín. Oríkì tí mo ti ń fi yangàn dì mọ́ mi lẹ́nu. Kí ló gbé mi dé ibi tí mo ti ń sọ pé ọmọ mi kì í mì?

Kò kú. Orúnkún ló yẹ̀, iṣan já; dókítà wọn ló ní kó má mira títí àwọn á fi yẹ ọrùn rẹ̀ wò. Wọ́n gba ife náà láìsí rẹ̀. Nígbà tó pè wá láti ọsibítù, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni, "Màámi, ẹ má bínú, mo kí yín kí eré tó bẹ̀rẹ̀ o. Ṣé ẹ rí i?"

"Kí ló ń jẹ́ ìkíni!" ni mo fi dá a lóhùn, ni mo bá bú sẹ́kún.

Ìgbà Kérésì ló wálé, lórí ọ̀pá méjì. Lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọ̀pá kan ti ògiri, ó fẹ́ tẹ̀ba. Ẹsẹ̀ náà kò ká. Òógùn bò ó.

"O ò gbọdọ̀!" Mo pariwo débi pé aládùúgbò yọjú. "Lóòró ni kí o ti kí mi."

"Màámi, wọ́n á ní ẹ ò kọ́ mi."

"Kí wọ́n máa wí."

Ó dúró. Mo gbá a mú, mo kì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n mo fo ti àpáta. Nígbà tí mo kì í tán, ẹnu mi ti fẹ́ sọ pé kó dìde. Mo ní, "Jókòó, ọmọ mi."