Àtùpà Tí Wọ́n Ní Ó Mu Ọtí

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹnì kan wà nínú ilé wa tó kórìíra kí n máa kàwé. Ẹ̀yin ọmọ ilé wa, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi tí ọ̀rọ̀ kàn, kí ẹ tó gbọ́ irọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ìtòkú ni ilé wa wà, láàárín àwọn ìkòkò aró ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi. Nígbà tí bàbá mi kú, àbúrò rẹ̀ di olórí ilé. Ó ti ṣèlérí láti fi mí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ oníṣòwò, pé bí mo bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò àṣekágbá, ilé ọkọ ló kàn. Kí n lè fìdí rẹmi, ó ti kẹrosíìnì tí mo fi ń tan àtùpà kàwé mọ́ inú àpótí, ó sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ okùn ṣòkòtò.

Mi ò bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti kọ́ wa nílé ìwé bí a ṣe ń se ọtí kí oru rẹ̀ tún padà di ohun olómi tó lè gbiná bíi kẹrosíìnì. Mo ṣa ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó ti ń bàjẹ́ ní ọjà Láfẹ́nwá, mo rẹ ẹ́ sínú ìkòkò láàárín ìkòkò aró títí ó fi di ọtí. Ẹni tó bá mọ òórùn aró mọ̀ pé kò sí imú tó lè gbọ́ òórùn ọtí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kẹ́tùlù àti ọ̀pá rọ́bà tí oru ń gbà kọjá ni mo fi sè é.

Ohun tó jáde gbiná lóòótọ́, àmọ́ iná aláwọ̀ búlúù ni, kò tan ojú ìwé. Mo wá da kẹrosíìnì díẹ̀ tó ṣẹ́kù ní ìdí àtùpà àtijọ́ mọ́ ọn, kí iná náà lè pọ́n. Àwọn méjèèjì kọ̀ láti dàpọ̀. Ọ̀kan jókòó lórí èkejì bí orogún. Omi ló wà nínú ọtí náà, bí mo sì ṣe tún un sè tó, omi kò tán níbẹ̀.

Ìyá àgbà ti ń wò mí. Ó ní, "Wá ohun tí òùngbẹ ń gbẹ sí i."

Ó gbé omi eérú tó fi ń ṣe aró kaná títí tó fi gbẹ, ó ku ohun funfun bí iyọ̀ ní ìdí ìkòkò. Mo gbé e sínú igbá, mi ò dé e, òjò sì rọ̀. Nígbà tí mo dà á sínú ọtí, kò ṣe nǹkan kan. Ìyá àgbà fọwọ́ kàn án, ó ti rin. Ó rẹ́rìn-ín mi: "Ẹni tó ti mu afẹ́fẹ́ òjò yó, o tún fẹ́ kó mu omi?"

Ó yan òmíràn nínú àpẹ gbígbẹ, a dé e títí ó fi tutù. Mo dà á sínú ìgò, mo mì í. Omi gbá iyọ̀ eérú mú, ó nípọn, ó rì sísàlẹ̀, ọtí sì léfòó lókè. Mo rọra da tòkè, mo da kẹrosíìnì díẹ̀ tí mo bù padà mọ́ ọn. Wọ́n dàpọ̀. Iná pọ́n, mo sì kàwé.

Ẹ̀yìn ìrun ìṣáà ni àbúrò bàbá mi rí ìmọ́lẹ̀ lójú fèrèsé mi, kọ́kọ́rọ́ sì wà nídìí rẹ̀. Ó wọlé, ó gbóòórùn ìgò. Lọ́jọ́ kejì ó pe àwọn àgbà ilé jọ.

"Ọtí wọ ilé mùsùlùmí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí máa lọ ilé ọkọ lónìí."

Ìyá àgbà jókòó pẹ̀lú ọwọ́ tí aró ti pa. "Ta ló mu ún?"

"Ìyá, ẹ ò rí ìgò ni?"

"Mo ní ta ló mu ún? Àtùpà ni. Pe àtùpà síta kó wá túúbá. Àbí òun náà lo fẹ́ fún lọ́kọ?"

Àwọn àgbà bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan fi tẹ̀sùbáà bo ẹnu. Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Mo ṣe ìdánwò, mo yege.

Lónìí, orí òrùlé lẹ ti ń gba iná oòrùn, ọmọbìnrin kankan kò bẹ̀bẹ̀ fún kẹrosíìnì mọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń ti àpótí kò tíì kú. Ó kàn ti pààrọ̀ àgádágodo ni. Àwọn ọmọ àbúrò bàbá mi wá bá mi láti Ìbarà, wọ́n ń ṣe ìwé ìrántí fún bàbá wọn tó ti dolóògbé. "Màmá, ẹ bá wa kọ ojú ìwé kan péré, bí bàbá ṣe ń ra kẹrosíìnì fún yín kí ẹ lè kàwé."

Ojú ìwé náà nìyí. Ìyá tó bí bàbá yín ló tan iná mi, eérú ló sì fi tàn án. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe kọ ọ́, tàbí kí ẹ yọ mí kúrò nínú ìwé yín.