T-shirt Tó Yọjú Lábẹ́ Sùtánà Mi

Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú méje láàárọ̀ Sọ́ńdè tó kọjá ni ìtìjú mi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n rò ó fún yín, nítorí ọkàn mi ò tíì balẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti gba degree engineering ni mo ti ń wá iṣẹ́. Ilé Àǹtí Bísí, àbúrò màmá mi, ni mò ń gbé ní Pasadena, lẹ́bàá Houston ní Amẹ́ríkà. Tí wọ́n bá ti ti hospital tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ dé, wọ́n á bi mí pé, "Ṣé wọ́n ti pè ẹ́?" Lójoojúmọ́! Mi ò bínú sí wọn o. Ojú ló ń tì mí. Àbí kí n sọ pé ẹ̀rù ni? Méjèèjì ni, ó tún ku nǹkan kan tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ohun tó ń fún mi lókun ni ẹgbẹ́ olórin kan láti Sweden. Wọ́n ń ṣe rap, gìtá wọn á sì máa bú ramúramù. Ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ogun, irọ́ àwọn olóṣèlú, kò sí èyí tí wọn kì í bá wí. Mo ní T-shirt wọn dúdú kan. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà-gadagba pé ASK YOUR BOSS WHY. Ẹ bi ọ̀gá yín pé kí ló dé!

Bàbá Alàgbà ìjọ aláṣọ funfun wa, tí wọ́n jẹ́ engineer àgbà ní plant kan tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì ní Deer Park, ti ṣèlérí pé àwọn máa bá mi sọ̀rọ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn ìsìn Sọ́ńdè yẹn. Mo bá wọ T-shirt náà sábẹ́ sùtánà, fún ìgboyà. Ta ló máa rí i? Sùtánà bò mí dé ọrùn ẹsẹ̀!

Mo gbàgbé òjò Houston.

A dé parking lot báyìí ni òjò ya bolẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé a kì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà. Mo fẹsẹ̀ lásán sáré nínú omi bí adìẹ tí òjò ká mọ́ ìta. Kí n tó wọlé, aṣọ funfun ti lẹ̀ mọ́ mi lára pátápátá. Èmi rò pé òtútù nìkan ni ìṣòro mi.

Àánú mi ṣe Bàbá Alàgbà débi pé wọn ò dúró kí ìsìn parí. Wọ́n pè mí síwájú pé kí gbogbo ìjọ gbàdúrà iṣẹ́ fún mi. Mo kúnlẹ̀, mo kọjú sí pẹpẹ, mo kẹ̀yìn sí gbogbo ayé. Àdúrà gbóná! Lójijì, ó di ẹ̀rín. Mo rò pé ayọ̀ Ẹ̀mí ló bà lé wọn, èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀ kí n má bàa dá yàtọ̀.

Àfi bí àwọn ọmọ Sunday school, tí wọn kì í fẹ́ ka Bíbélì Yorùbá, ṣe kà á pa pọ̀ bí ẹni ń ka Sáàmù: "ASK! YOUR! BOSS! WHY!"

"Yéè, Dàpọ̀!" Ohùn Àǹtí Bísí nìyẹn. "O ti pa mí!"

Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Alàgbà pe èmi àti Àǹtí sí ọ́fíìsì wọn, wọ́n ní kí n ṣàlàyé. Ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀, kí n tọrọ àforíjì, kí n sì panu mọ́. Ṣé mo panu mọ́? Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀! Mo ní iṣẹ́ oṣù ni àwọn ọkùnrin yẹn ń ṣe nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọrin. Mo ní àwo wọn àkọ́kọ́ tà dé ọ̀pọ̀ ìlú, ṣùgbọ́n àwọn rédíò kan kọ̀ ọ́ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Nígbà tó yá, èrò dín kù lẹ́yìn wọn, wọ́n tú ká, kálukú padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Mo ní ní báyìí, wọ́n ti tún padà sórí ìtàgé tewú-tewú, wọ́n ṣì ń pariwo mọ́ ìjọba ìlú ara wọn.

"Wọ́n ti hewú, wọ́n ṣì ń pariwo?" Àǹtí Bísí pòṣé. "Ṣé wọn ò níyàwó nílé ni?"

Bàbá Alàgbà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bi mí pé, ká ní ọ̀gá plant sọ pé kí n fọwọ́ síwèé pé páìpù kan dára, tí mo sì mọ̀ pé ó ń jò, kí ni màá ṣe?

Mo lanu láti dáhùn.

"Má tíì dáhùn," ni wọ́n wí. "Wá sí Deer Park ní Thursday, aago mẹ́wàá. Ọ̀gá tèmi gan-an á jókòó síbẹ̀. Ìbéèrè yẹn ni màá bi ọ́ lójú ẹ̀. Kó o sì wọ síńgílẹ́ẹ̀tì funfun!"

Nínú mọ́tò, Àǹtí Bísí ní kí n ṣáà sọ pé "yes sir", kí n gba iṣẹ́ náà ná, ọ̀rọ̀ páìpù á yanjú tó bá yá. Mo ní mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo Bàbá Alàgbà? Tí mo bá sì sọ pé mi ò ní fọwọ́ sí i, tí ọ̀gá wọn ní agbéraga ni mí ńkọ́? Mi ò sùn dáadáa láti ọjọ́ yẹn.

Lánàá, mo rí T-shirt náà lórí bẹ́ẹ̀dì mi. Àǹtí ti fọ̀ ọ́, wọ́n tiẹ̀ ti lọ̀ ọ́.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ohun tí èèyàn gbà gbọ́ tọkàntọkàn, aṣọ yòówù tó bá dà bò ó, òjò kan ń bọ̀ tó máa fi í hàn. Ṣé irú ẹ̀ ti ṣe yín rí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jókòó níwájú ọ̀gá plant rí. Thursday ti dọ̀la! Ta ni kí n jẹ́ kó dáhùn: Dàpọ̀ onísùtánà ni, àbí Dàpọ̀ tó wọ T-shirt?