Ìwé Ìwọ̀n Ọ̀dà Tí Mo Bà Jẹ́

Ọjọ́ tí ọ̀gá lé Bọ̀dá Mùtíù lẹ́nu iṣẹ́, ọwọ́ mi ni wàhálà náà ti wá. Ilé iṣẹ́ ọ̀dà la wà, ní Ṣàngó. Èmi ni akọ̀wé tó wà nídìí kọ̀ǹpútà. Bọ̀dá Mùtíù, ọmọ Ìsẹ́yìn, ló ń po ọ̀dà, ó sì ti ń pò ó kí n tó jáde ilé ìwé.

Ẹ̀yìn páálí ni wọ́n ti ń ṣírò ìwọ̀n kẹ́míkà kí n tó dé. Mo wá ṣe ìwé onílà kan sínú kọ̀ǹpútà, tẹ́ńpílétì là ń pè é: a ṣe é lẹ́ẹ̀kan, a ń lò ó títí. Iye dúrọ́ọ̀mù tí oníbàárà fẹ́ nìkan ni mo máa tẹ̀ sókè, ìwé náà á fúnra rẹ̀ ṣírò omi, gọ́ọ̀mù àti pàùdà tó ń mú ọ̀dà ki, mo sì máa tẹ̀ ẹ́ jáde fún Bọ̀dá. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó kù díẹ̀ kí n máa kí i láàárọ̀.

Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan fẹ́ ọ̀dà tó ṣàn. Mo pa ìṣirò pàùdà rẹ́, mo fọwọ́ ara mi tẹ iye kékeré síbẹ̀. Ó yẹ kí n fi orúkọ mìíràn tọ́jú rẹ̀, àmọ́ ìkánjú ò jẹ́. Orí tẹ́ńpílétì gan-an ni mo tọ́jú rẹ̀ sí. Láti ìgbà náà, iye dúrọ́ọ̀mù yòówù kí n tẹ̀, pàùdà ò pọ̀ sí i mọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ilé ìwé kan ní Ìgbẹ́sà fẹ́ ọ̀dà rẹpẹtẹ. Bọ̀dá mú ìwé wá bá mi.

“Àǹtí, pàùdà yìí ò tó o. Ẹ bá mi wò ó.”

“Bọ̀dá, kọ̀ǹpútà kì í ṣàṣìṣe. Ẹ po ohun tó wà nínú ìwé.”

Ó mú ìwé náà, ó lọ pò ó bẹ́ẹ̀.

Wọ́n dá ọ̀dà náà padà. Wọ́n kùn ún sára ògiri kan, búlọ́ọ̀kù ṣì ń hàn lábẹ́ rẹ̀.

“Mùtíù, o ti darúgbó sídìí iṣẹ́ yìí,” ni ọ̀gá wí. “Máa lọlé.”

Bọ̀dá ò dárúkọ mi. Mo sáré ṣí ìwé náà, mo rí iye tí mo fọwọ́ tẹ̀. Mo ní ọmọ oṣù márùn-ún nílé, ọkọ mi ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Síbẹ̀, mo dá ìṣirò náà padà, mo fi pásíwọ́ọ̀dù tì í pa, mo bá wọlé tọ ọ̀gá.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo bà á jẹ́. Bọ̀dá bi mí, n ò gbọ́ tiwọn.”

Ọ̀gá bínú, ó fún mi ní kúẹ́rì, ó ní kí n lọ pe Mùtíù padà. Ẹnu géètì ni mo bá a pẹ̀lú àpò rẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

“Bọ̀dá, kí ló dé tẹ́ ò sọ pé ẹ bi mí?”

“Ọmọ ọwọ́ ń bẹ nílé yín, Àǹtí. Èmi á ríbòmíràn po ọ̀dà.”

Mo sunkún níbẹ̀, n ò tijú síkúrítì. Àwa méjèèjì la jọ padà lọ po ọ̀dà ilé ìwé náà, mo ń bá a gbé pàùdà títí aṣọ ọ́fíìsì mi fi funfun báláú.